Igi ìbẹ́pẹ 14, akọ 7 nínú 9 tó ti yọ òdòdó! Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Olóko_Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ fara dà á. Mo jẹ ìbẹ́pẹ kan tó dùn débi pé mo lá ọ̀bẹ tí mo fi gé e, mo ní irú eléyìí gan-an ni mo fẹ́ máa jẹ, ni mo bá kó kóró ẹ̀, mo fọ nǹkan bọ̀rọ́bọ̀rọ́ tó bò ó kúrò, mo sá a sábẹ́ ibòji, mo gbìn ín sínú ọ̀rá. Bí ọ̀sẹ̀ 3 ó hù. Mo yan 14 tó lágbára jù, mo kó wọn lọ sílẹ̀, kòtò kan igi kan. Mo bomi, mo da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, mo ro ìdí ẹ̀, kò sí ohun tí mi ò ṣe. Ó ti pé oṣù 6 báyìí, 9 ti yọ òdòdó, ẹ̀yin èèyàn mi, akọ ni 7! Òdòdó wẹ́wẹ́ lórí okùn tó ń fì sílẹ̀ bí irùngbọ̀n. Abo 2 péré. Ẹnì kan ní ìgbẹ́ adìyẹ ló pọ̀ jù tó fi di akọ, ẹlòmíì ní kóró apá ìdí èso nìkan ló máa ń di abo, pé ti apá orí ni mo gbìn. Ẹ jọ̀ọ́ kí ni mo ṣe, ṣé ọ̀nà sì wà tí mo lè gbà sọ àwọn akọ yìí di abo? Inú ń bí mi o, oṣù 6 kì í ṣe ọjọ́ 6.

Bàbá_Àgbà_Oko:
Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Orí ẹ̀ ni kó o bẹ́. Mú àdá tó mú, bẹ́ ẹ níbi tó bá ga dé àyà ẹ, fi agolo dé e kí omi má wọ inú ẹ̀. Tó ò bá fẹ́ bẹ́ ẹ, kan ìṣó ńlá mọ́ ọn nídìí. Ẹ̀rù á bà á, á so. Mo ti ṣe é rí, akọ kan so èso 5 lójú èmi fúnra mi, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ẹyẹ_Oko:
Ẹ̀rù á bà á 😂😂 Bàbá ẹ ò ní pa mí. Àmọ́ Olóko, ìwọ lo ní o yan èyí tó lágbára jù. Akọ ló máa ń lágbára jù nígbà tó wà ní kékeré, àwọn abo lo kó dànù yẹn.

Adákẹ́_Kàwé:
Ẹ ṣeun bàbá, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀wọ̀ yà díẹ̀. Olóko, o ò ṣe ohun tí ò dáa. Ìgbẹ́ adìyẹ ò sọ abo di akọ, omi ò sọ ọ́, ibi tí kóró jókòó sí nínú èso náà ò sọ ọ́. Ọjọ́ tí lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ ti kan òdòdó ìyá ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti parí. Bí ti èèyàn ló ṣe rí, X àti Y ni wọ́n ń pe àwọn àjogúnbá tó ń pinnu ẹ̀: abo jẹ́ XX, akọ jẹ́ XY, ohun tí bàbá bá fún kóró yẹn ló máa jẹ́, ìdajì akọ ìdajì abo. Gbogbo ohun tí ìwọ ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ìtọ́jú ni, ó lè mú kó tètè yọ òdòdó tàbí kó pẹ́, kò lè yí i padà.

Kí ló wá dé tí tìẹ fi jẹ́ 7 sí 2? Igi 9 kéré ni jàre. Ju owó ẹyọ sókè lẹ́ẹ̀mẹsàn-án kó o wò ó. Mo ṣírò ẹ̀ ná: tí èèyàn 100 bá gbin 9 9, bíi 9 nínú wọn ló máa rí akọ 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìṣẹ̀ láìrò. Ìwọ bọ́ sí àárín àwọn 9 yẹn ni. Àwọn 91 tó kù ò ní wá síbí wá kọ nǹkan kan, torí náà ẹ̀ẹ̀kan tá a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbẹ́pẹ lórí ayélujára, ẹkún akọ ni.

Ìyá_Eléso:
Ẹ kú àlàyé. Èmi ò mọ X mi ò mọ Y, ìbẹ́pẹ ni mo mọ̀, ọdún tí mo ti ń gbìn ín kì í ṣe kékeré. Àṣìṣe kan wà tó o ṣe ọmọ mi, òun náà sì ni kòtò kan igi kan yẹn. A kì í gbìn ín bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta mẹ́ta là ń gbìn sínú kòtò, ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan kan síra wọn, a ó máa wò wọ́n títí wọ́n á fi yọ òdòdó, a ó fi abo tó dáa jù sílẹ̀ a ó fa ìyókù tu. Tó bá jẹ́ akọ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orí kòtò yẹn ló burú, kì í sì í ṣẹlẹ̀ lọ títí. O máa bá àwọn kan tó ní ó ń fi kóró ṣòfò. Kóró inú èso kan ń lọ bí ẹgbẹ̀rún kan, kí lo fẹ́ fi ìyókù ṣe?

Ohun kejì, má tíì sunkún. Lọ́dọ̀ tèmi akọ ló kọ́kọ́ máa ń yọ òdòdó, abo á máa fi ara ẹ̀ pamọ́. 5 tí ò tíì yọ nǹkan yẹn, ojú mi wà lára wọn.

Ọlọ́gbà_Ẹ̀yìnkùlé:
Ìyá Eléso òótọ́ lẹ sọ, 3 nínú kòtò kan, ó ku kòtò 1 nínú 8 tí gbogbo ẹ̀ máa jẹ́ akọ, tẹ́ ẹ bá gbin 4 ó di 1 nínú 16. Ṣùgbọ́n ẹ má FÀ Á TU mà! Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, gbòǹgbò wọn ti lọ́ mọ́ra wọn nísàlẹ̀, bí mo ṣe fa akọ ni abo náà mì, ọ̀sẹ̀ kan ewé ẹ̀ ti rọ, ó kú. Ọ̀bẹ ni kẹ́ ẹ fi gé e mọ́ ilẹ̀, kẹ́ ẹ bu erùpẹ̀ bò ó. Kẹ́ ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ torí oje ẹ̀, ó máa ń yún èèyàn.

Ìyá_Eléso:
Ṣé nígbà tó ti ga dé ejìká lo fà á ni? Èmi máa ń fà á kó tó le, kò sóhun tó ń ṣe é. Àmọ́ mo gbọ́, gígé náà dáa, mi ò ní bá ọ jà.

Kóró_Dúdú:
Ẹ dúró ná, ẹ dúró ná. Gbogbo yín ń sọ ìdajì ìdajì, kò sẹ́ni tó béèrè bí èso tó gba kóró yẹn ṣe rí. Olóko, ṣé roboto ni àbí ó gùn?

Olóko_Tuntun:
Ó gùn o. Ọrùn ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ìgò, ìdí ẹ̀ wá tóbi. Ara ẹ̀ nípọn, ihò inú ẹ̀ ò pọ̀. Kí ló kan ìyẹn?

Kóró_Dúdú:
Ó kàn án gan-an ni. Adákẹ́, ẹ̀gbọ́n, àlàyé yín dáa ṣùgbọ́n ẹ fi ẹnì kẹta sílẹ̀ sílé. Ìbẹ́pẹ kì í ṣe akọ àti abo nìkan, takọtabo wà níbẹ̀, igi kan tí òdòdó ẹ̀ ní ti akọ ní ti abo pa pọ̀. Òun náà ní Y, àmọ́ Y tiẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, àwọn onímọ̀ máa ń kọ ọ́ ní Yh. Èso abo máa ń roboto, ihò inú ẹ̀ á gbòòrò. Èso takọtabo ló máa ń gùn, tí ara ẹ̀ ń nípọn. Nítorí náà ìyá àwọn igi Olóko yìí kì í ṣe abo, takọtabo ni.

Ibẹ̀ ni ìṣirò ti yí padà. Ẹ wò ó báyìí:
Tí ìyá bá jẹ́ abo tí bàbá jẹ́ akọ, ìdajì abo ìdajì akọ, bí Adákẹ́ ṣe sọ.
Tí ìyá bá jẹ́ abo tí bàbá jẹ́ takọtabo, ìdajì abo ìdajì takọtabo. Kò sí akọ rárá.
Tí takọtabo bá fún ara ẹ̀ lóyún, 2 nínú 3 á jẹ́ takọtabo, 1 á jẹ́ abo. Kò sí akọ níbẹ̀ náà.
Tí ìyá bá jẹ́ takọtabo tí bàbá jẹ́ akọ, ó di ìdá mẹ́ta: akọ 1, abo 1, takọtabo 1. Ìdá kẹrin tí ì bá gba Y lápá méjèèjì kì í yè.

Olóko, níwọ̀n ìgbà tó o ti rí akọ lára igi ẹ, lẹ́búlẹ́bú akọ kan ló dé ara ìyá wọn láti ibì kan. Ti ìkẹyìn yẹn ni tìẹ. Ìyẹn ni pé 1 nínú 3 ló yẹ kó o rí lákọ, 7 nínú 9 wá pọ̀ jù, bí nǹkan kan ò bá ní ìdí. Mo fura pé kì í ṣe gbogbo 7 yẹn ló jẹ́ akọ. Jọ̀ọ́ padà lọ wò wọ́n dáadáa. Òdòdó akọ gidi máa ń wà lórí okùn gígùn tó ní ẹ̀ka, wẹ́wẹ́ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ látòkè délẹ̀, tó o bá fi èékánná ya ọ̀kan o ò ní rí ọmọ èso ńlá nínú ẹ̀. Ti abo máa ń jókòó ní abíyá ewé gan-an, ọ̀kan tàbí díẹ̀, ìdí ẹ̀ wú bí àlùbọ́sà kékeré, ewé òdòdó ẹ̀ 5 á yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti takọtabo wà láàárín, okùn tó gbé e kúrú, ó ki, òdòdó bíi mélòó kan á so pọ̀, tó o bá ya èyí tó wà láàárín o máa rí ọmọ gígùn kan nínú ẹ̀ pẹ̀lú àwọn nǹkan yẹ́lò tó ní lẹ́búlẹ́bú lára. Ẹni tí ò bá rí i rí máa ń pè é ní akọ.

Adákẹ́_Kàwé:
Mo gbà. Mo ti ṣe àlàyé ẹ̀ bíi pé ẹ̀yà méjì ló wà, àṣìṣe tèmi nìyẹn. 50 sí 50 tí mo sọ, ti èso roboto tí akọ fún lóyún nìkan ni.

Ẹyẹ_Oko:
Kí gbogbo wa yáa lọ wá ìwọ̀n tá a máa fi wọn èso ká tó jẹ ẹ́.

Ṣé òótọ́ ni ti gbòǹgbò ṣá? Wọ́n ní tí gbòǹgbò bá rìn tààrà akọ ni, tó bá pẹ̀ka abo ni.

Ọlọ́gbà_Ẹ̀yìnkùlé:
Mo gba ìyẹn gbọ́ fún bí ọdún 2, mo máa ń tú ọ̀rá wo ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bíi dókítà. Nígbà tí mo wá fi òwú pupa so àwọn "akọ" mi, tí mo gbin gbogbo ẹ̀ pa pọ̀, ẹ̀yà méjèèjì ló wà nínú olówùú, ẹ̀yà méjèèjì ló wà nínú aláìlówùú. Ohun tí mo rí gbà nínú ẹ̀ ni pé èyí tí mo ti dà láàmú ní gbòǹgbò pẹ́ kó tó dìde, ìbẹ́pẹ kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan gbòǹgbò òun. Ti àwọ̀ kóró náà, dúdú àti èyí tó ṣì pọ́n, irọ́ kan náà ni. Ti "alágbára ni akọ" tí ìwọ Ẹyẹ_Oko sọ lókè, bákan náà.

Kóró_Dúdú:
Ohun kan ṣoṣo tó lè sọ ọ́ fún ẹ kó tó yọ òdòdó ni lábù. Lọ́dún 2008 ni wọ́n gbé àkọsílẹ̀ àwọn jíìnì ìbẹ́pẹ jáde, ti irú kan tí wọ́n ń pè ní SunUp, látìgbà yẹn àti kó tó dìgbà yẹn pàápàá ni wọ́n ti ní àmì tí wọ́n lè fi wo ewé kékeré kan kí wọ́n sọ pé akọ nìyí, abo nìyí, takọtabo nìyí. Ó wúlò fún ẹni tó ń gbin ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Fún igi 14, òdòdó ni lábù ẹ.

Bàbá_Àgbà_Oko:
Ìwé lẹ̀ ń kà, oko ni mò ń lọ. Èso 5 tí mo rí lórí akọ yẹn, ta ló so ó? Àbí mo lá àlá?

Adákẹ́_Kàwé:
Ẹ ò lá àlá bàbá, mo gbà pé ẹ rí i. Akọ máa ń so nígbà míì láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, pàápàá tí ojú ọjọ́ bá yí padà, àwọn òdòdó kan lórí okùn yẹn á wá ní ọmọ nínú, èso kéékèèké á máa fì lórí okùn gígùn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ bẹ́ ẹ, ojú ọjọ́ yí, ó so, ẹ wá fún àdá ní ìyìn tí kì í ṣe tiẹ̀. Ìbéèrè mi kan ṣoṣo ni: ṣé ẹ fi akọ míì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láìbẹ́?

Bàbá_Àgbà_Oko:
Rárá. Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Adákẹ́_Kàwé:
Ẹ dán an wò lọ́tẹ̀ yìí bàbá. Tẹ́ ẹ bá ní akọ 2 tó jọra, ẹ bẹ́ ọ̀kan, ẹ fi èkejì sílẹ̀. Kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún omi ṣá o, inú igi ìbẹ́pẹ ṣófo, tí òjò bá dúró nínú ẹ̀ á rà láti òkè wá.

Bàbá_Àgbà_Oko:
Ó dáa. Mo ní 2 lẹ́yìn ilé. A ó rí i.

Mama_Dùndún:
Ẹ má bínú mo pẹ́ dé. Kí ló dé tẹ́ ẹ ń wàhálà? Ẹ ra kóró Red Lady, kò sí akọ nínú ẹ̀. Ó tán. Àmọ́ ẹ má gbin kóró inú èso ẹ̀ padà o, ó máa di akọ.

Kóró_Dúdú:
Mama, apá àkọ́kọ́ dáa, apá kejì ò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní di akọ àyàfi tí lẹ́búlẹ́bú akọ bá bá a láti ibòmíì, torí kò sí Y akọ nínú ẹ̀. Èmi gbìn ín padà, mi ò rí akọ kan. Ìṣòro ẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ò jọra: ọ̀kan dùn, èkejì bí omi, ọ̀kan kúrú, èkejì ga bí òpó iná. Àdàpọ̀ ni kóró yẹn, a da ìyá àti bàbá tó yàtọ̀ pọ̀ kó tó jáde, ọmọ ọmọ ẹ̀ á máa yà sí ọ̀nà tó bá wù ú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tí ọmọ ẹ̀ á jọ ọ́, irú Solo dáa jùyẹn lọ. Láti Barbados ni wọ́n ti gbé e dé Hawaii lọ́dún 1911, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń mú kóró láti ara takọtabo ẹ̀ ní ìran dé ìran.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Olóko lè ṣe tiẹ̀. Tó o bá rí takọtabo kan nínú igi ẹ tí èso ẹ̀ dùn bíi ti ìyá ẹ̀, wá òdòdó gígùn kan tó máa là lọ́la tàbí ọ̀túnla, fi àpò bébà kékeré bò ó kó tó là, dè é lọ́rùn. Kòkòrò ò ní lè gbé lẹ́búlẹ́bú akọ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, á fún ara ẹ̀ lóyún. Tó bá ti mú ọmọ, ṣí i, so òwú mọ́ ọn kó o má bàa gbàgbé. Kóró inú èso yẹn, takọtabo 2 abo 1, akọ kankan ò sí níbẹ̀.

Ìyá_Eléso:
Ìyẹn dáa, mo máa dán ti àpò yẹn wò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ tèmi nípa takọtabo tẹ́ ẹ ń yìn yìí. Tí ooru bá mú gan-an, ó máa ń di akọ mọ́ wa lọ́wọ́, á kàn máa yọ òdòdó, kò ní so, á fo bí oṣù kan tàbí méjì. Tó bá sì jẹ́ ìgbà òtútù àti òjò púpọ̀, èso ẹ̀ á máa jáde ní wíwọ́, ojú ẹ̀ á kákò bí ojú ológbò. Abo kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abo tó bá jẹ́ abo, abo ni lóoru ni lótùútù. Ẹ sá fi akọ 1 sílẹ̀ fún un, bíi akọ 1 sí abo 10 sí 20, atẹ́gùn àti àfòpiná á ṣe iṣẹ́ tó kù. Ẹ má gé gbogbo akọ tán o! Mo rí ẹni tó fi ìbínú gé e tán tí àwọn abo ẹ̀ wá ń da ọmọ sílẹ̀.

Ọlọ́gbà_Ẹ̀yìnkùlé:
Ìyẹn náà ni mo fẹ́ sọ nípa ìgbẹ́ adìyẹ. Kò sọ abo di akọ, òótọ́ ni, àmọ́ tó bá pọ̀ jù lára takọtabo, wà á rí èso oníwíwọ́ tí Ìyá Eléso sọ yìí. Torí náà ẹni tó sọ fún Olóko kò purọ́ tán, ibi tó kọ orí sí ni ò dáa.

Olóko_Tuntun:
Mo ti lọ wò ó. Kóró_Dúdú, Ọlọ́run á bù kún yín. 2 nínú àwọn 7 yẹn, okùn wọn ò gùn rárá, èmi ni mo ń fi ìbínú kà á mọ́ wọn. Mo ya òdòdó àárín, ọmọ gígùn wà nínú ẹ̀! Ọ̀la ni mo ti fẹ́ gé wọn tẹ́lẹ̀, àdá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Akọ wá di 5, abo 2, takọtabo 2. Mo ń dúró de 5 tó kù.

Ẹyẹ_Oko:
Gbé àdá yẹn padà sínú ilé ná.

(lẹ́yìn oṣù 2)

Olóko_Tuntun:
Ẹ káàárọ̀ o. Mo ṣèlérí pé mo máa padà wá. 5 tó kù ti yọ òdòdó: abo 2, takọtabo 2, akọ 1. Àpapọ̀ akọ 6, abo 4, takọtabo 4. Ìyá Eléso, ojú yín ò wà lára wọn lásán. Mo gé akọ 5, mo fi 1 sílẹ̀ lẹ́bàá ọgbà níbi tí atẹ́gùn ti ń wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn kòtò tó ṣófo yẹn, mo ti tún gbin 3 3 sínú ẹ̀. Takọtabo kan ti ní ọmọ bíi 12 lára, mo ti fi àpò bo òdòdó 3 ẹ̀, ọ̀kan já bọ́ nígbà tí mò ń dè é, 2 ti mú ọmọ.

Kóró_Dúdú:
6, 4, 4. 1 nínú 3 ni lóòótọ́, ó kàn tẹ̀ sápá kan díẹ̀. Ó dáa. Kọ ọjọ́ tó o ṣí àpò sára òwú yẹn.

Mama_Dùndún:
Bàbá Àgbà, akọ tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ́ ńkọ́? À ń retí yín.

Bàbá_Àgbà_Oko:
Ẹ máa pariwo mi lọ. Èyí tí mo bẹ́ yọ orí mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ ló yọ okùn òdòdó, akọ mẹ́ta wá dúró lórí igi kan. Èyí tí mi ò fọwọ́ kàn ló so èso, 2, wọ́n kéré bí ẹyin adìyẹ. Mo ti jẹ ọ̀kan. Ó korò.